Ìgbà Mẹ́tàlá Tí Mo Jáde Síwájú Pẹpẹ

Òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó ló máa ń gbé mi padà sígbà èwe mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ wa ní Mowé á ti da àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa ilé ìjọsìn, nítorí a kò tíì rí sìmẹ́ńtì fi rẹ́ ilẹ̀ náà, bí òjò bá sì rọ̀, omi máa ń gba abẹ́ páànù wọlé. Lẹ́búlẹ́bú náà á tutù, á rọ̀ lábẹ́ bàtà, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á sì dà pọ̀ mọ́ òórùn káńfọ̀ tó wà lára aṣọ àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn. Ìyá mi wà lára wọn. Aṣọ funfun, bẹ́líìtì pupa, ìbọ̀wọ́ funfun. Mo lè wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta láti iwájú kí n sì mọ̀ pé Mọ́mì ti kọjá lẹ́yìn mi, láìwẹ̀yìn wò, nítorí káńfọ̀ yẹn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kó ba ọmọdé lẹ́rù. Síbẹ̀, ó ní ọdún kan tí ẹ̀rù ibẹ̀ ti máa ń bà mí láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín kó yín kúrò ní yàrá kan ní Èkó wá sí Mowé tàbí Ìbàfò nígbà náà, ẹ ó rántí irú ilé tí à ń gbé. Wọ́n á kọ́ yàrá méjì, wọ́n á kó wọlé, ìyókù á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Pákó la fi dí fèrèsé pálọ̀ tiwa. Dádì ń ṣiṣẹ́ iná ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ó sì máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mọ́mì ń rán aṣọ iléèwé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà. Àwa ọmọ méjì la wà ńlé: Àǹtí Yétúndé, ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti èmi Bùnmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ni. Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì máa ń sọ fún wa jùlọ ni pé, "Ẹ sọ ọ́ fún mi kí ará ìta tó sọ ọ́ fún mi." Ti Dádì kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti sọ ọ́ tán."

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ irú wa. Iléeṣẹ́ Dádì fún un ní ọ̀kan kí wọ́n lè máa rí i pè tí iná bá bàjẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀, ó sì máa ń rán wa létí pé kì í ṣe tòun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì kì í dé inú ilé wa. Dádì ti gbé fóònù yẹn yíká gbogbo ọgbà bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, kó tó rí i pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń mú: orí kọnkéré ẹnu kànga lẹ́yìnkùlé. Tí wọ́n bá pè é, á sáré gun orí ẹnu kànga, á gbọ́wọ́ kan lé ìbàdí, á máa pariwo pé, "Ẹ̀lóò? Ẹ ń gbọ́ mi báyìí? Ẹ dúró, ẹ má tíì pa á." Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Sikírá, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Alhájì tó ń tún táyà ṣe ní ilé kejì sí tiwa, mọ Dádì sín jẹ ju bí èmi gan-an ṣe mọ̀ ọ́n sín jẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí fóònù náà wọlé ni Dádì ti kìlọ̀ fún wa. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, Ifọ̀ ló ń lọ." A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní Ifọ̀ ni ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin ń gbé, Màmá Ifọ̀, tí wọ́n ń yan gàrí tà, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gẹ́ ló máa ń bó láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì gbẹ bí ọwọ́ àgbàlagbà.

Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà ọyẹ́, Dádì ń wẹ̀. Fóònù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àǹtí Yétúndé ń fa omi, nítorí náà ìdérí kànga ti ṣí. N kò ní èrò burúkú kankan. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn tó bá dúró síbẹ̀. Mo mú fóònù, mo gun orí kọnkéré, mo gbọ́wọ́ lé ìbàdí, mo ní, "Ẹ̀lóò? Ẹ ń gbọ́ mi báyìí?" Àǹtí Yétúndé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ti gbẹ nítorí ọyẹ́, fóònù náà yọ̀ bọ́ láàárín ìka mi, ó já sínú kànga. Ìró rẹ̀ kéré gan-an. Mo ti rò ó títí pé ohun tó fa wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti dún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dádì jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì àti ọṣẹ nínú etí. "Fóònù mi dà?" Dádì bèèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kànga. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ohùn. Mo tọ̀ sára. Mo rí i bí Àǹtí Yétúndé ṣe wo omi tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, ó wojú mi, ó fi okùn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Dádì. Ó ní, "Èmi ni, Dádì. Mo fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ kí oòrùn má baà pa á ni. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Bẹ́líìtì ni Dádì fi nà án. Àǹtí Yétúndé kò wò mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń nà án. Ọ̀sẹ̀ kejì, Mọ́mì di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, wọ́n sì gba ìwé rẹ̀ kúrò níléèwé. Iléeṣẹ́ ti kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Dádì, òun náà sì ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ibùdókọ̀, nígbà tí Dádì ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, Àǹtí Yétúndé tẹ orí ba, ó sọ sí mi létí. "Má sọ fún wọn o. Tí o bá sọ, gbogbo bí wọ́n ṣe nà mí á kàn ṣòfò ni." Ó bá mi so bọ́tìnì ọrùn aṣọ mi, ó wọ ọkọ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí ó rọrùn láti sọ pé inú mi bàjẹ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ara tù mí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ara fi tù mí. Wọn ò nà mí, mi ò lọ sí Ifọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí etí bẹ́ẹ̀dì gan-an, tí n kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọjá sí apá ibi tí òun ń sùn sí. Tí mo bá sùn kọjá sí ibẹ̀, mo máa ń jí bí ẹni tó jalè.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ wàásù nípa àgbélébùú. Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìjọ ni mí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn Mọ́mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, wọ́n ń rìn lórí lẹ́búlẹ́bú pákó láàárín wa, wọ́n ní, "Ẹnì kan ti gba ìyà rẹ jẹ. Òun kò ṣẹ̀. Ìwọ lo ṣẹ̀. Wọ́n nà án dípò rẹ, kò sì tọ́ka sí ẹ fún ẹnikẹ́ni." Ojú mi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń sọ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí. Mo rò pé Àǹtí Yétúndé ti ránṣẹ́ sí wọn láti Ifọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ fayé rẹ̀ fún Jésù jáde wá síwájú, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi débẹ̀ kí n tó ronú. Wọ́n kọ orúkọ mi sórí káàdì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Mọ́mì sunkún ayọ̀ sínú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀.

Mo gbàdúrà tí wọ́n ní kí a gbà. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, apá kan bẹ́ẹ̀dì náà ṣì ṣófo. Mo wá rò pé àdúrà náà kò mú. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti ní ẹrù mi á fúyẹ́, mo sì ń dúró kí ó fúyẹ́, bí ẹni tó lo oògùn ibà tó ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún jáde. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń pinnu pé mo máa sọ ọ̀rọ̀ fóònù náà fún ẹni tó bá gbọ́wọ́ lé mi lórí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì máa ń parí àdúrà kí n tó la ẹnu.

Ẹni tó ń bẹ àwọn onígbàgbọ́ tuntun wò nílé ni Bùrọ́dà Sámúẹ́lì. Birikilà ni, Ìbàfò ló ń gbé, ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì kì í sì í tán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ ni pé tí káàdì bá ti jáde, ó gbọ́dọ̀ dé ilé ẹni náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kó kí i káàbọ̀, kó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kìíní. Kì í fo káàdì kankan, àní bó bá jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ó wá sílé wa ní Ọjọ́rú kìíní, ó wá ní Ọjọ́rú kejì, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kìíní kan náà. Mọ́mì á gbé omi fún un, ojú á ti Mọ́mì. Bùrọ́dà Sámúẹ́lì á nu ojú rẹ̀, á kọjú sí mi bí ẹni tó kọjú sí àlejò pàtàkì.

"Sísítà Bùnmi, mo kí yín káàbọ̀ sínú ẹbí Ọlọ́run."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan?"

"Rárá, sà."

Ní ìgbà karùn-ún, ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀kọ́ kìíní yìí, ṣé kí n máa kà á ni, àbí ẹ̀yin lẹ máa kà á fún mi lónìí?" Mo kà á fún un láti orí, láìwo ìwé. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ inú ìjọ ò fi mí sílẹ̀. "Jáde-wá" ni wọ́n sọ mí. Tí Pásítọ̀ bá ti ń parí ìwàásù, ẹni tó wà lẹ́yìn á fi ìka gún mi léjìká. "Jáde-wá, dìde, ọkọ̀ ẹ ti dé." Mo gbọ́, ó dùn mí, mo sì dìde. Ìtìjú yẹn kò lágbára tó ohun tó wà nínú mi, kò lè dá mi jókòó.

Àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú lójú. Ọmọ ẹni tó ń fi ìjókòó han èèyàn, tó ń ronú pìwà dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí ló ń ṣe nílé? Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí a máa ń rántí ikú Jésù, Pásítọ̀ ń ka bí wọ́n ṣe nà Án, mo sì rí ẹ̀yìn Àǹtí Yétúndé àti bẹ́líìtì lójú mi. Mo ké. Kì í ṣe ẹkún ọmọdé lásán. Igbe ni, ó sì gùn. Wọ́n gbé mi jáde. Lábẹ́ igi máńgòrò níta ni Màmá Àdúrà, olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin, ti fa Mọ́mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì Yétúndé, ọmọdé kì í dédé ké báyìí. Ìgbà mélòó ló ti jáde?"

"Mọ́kànlá, mà."

"Ẹ̀mí kan ló ń lé e jáde. Orúkọ Jésù ń jó o ni. Wọ́n ti fún ọmọ yín ní nǹkan jẹ."

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ "wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ" ṣe rí nígbà náà. Kò sí ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ ní àdúgbò wa tí wọn ò kìlọ̀ fún pé kó má gba bisikíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níléèwé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn àjẹ́ ti ń kó ọmọ wọ ẹgbẹ́ wọn. Mo rí i bí ojú Mọ́mì ṣe yí padà. Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tí wọ́n ń gbìyànjú láti dá mọ̀. Mi ò lè sọ bí ó ṣe dùn mí tó kí ìyá èèyàn wo èèyàn báyẹn. Mo sì tún rò pé bóyá Màmá Àdúrà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bóyá nǹkan kan wà nínú mi lóòótọ́.

Wọ́n jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu pé kí wọ́n ṣe ìtúsílẹ̀ fún mi. Màmá Àdúrà gbààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi, láìfi omi kan ẹnu. Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún ìyẹn. Wọn ò kórìíra mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí, mo sì jáde ní ìgbà kejìlá, gbogbo ìjọ ń kọrin ìṣẹ́gun, èmi nìkan ni mo dúró síwájú nínú aṣọ tuntun tí Mọ́mì rán.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n kó mi lọ sínú ilé ìjọsìn. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Màmá Àdúrà, Mọ́mì, Bùrọ́dà Sámúẹ́lì tí wọ́n ní kó wá dúró nítorí òun ló mọ̀ mí jù, àti èmi. Mo kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú pákó. Màmá Àdúrà ti rù nítorí ààwẹ̀ náà, ètè wọn ti gbẹ, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ta ló fún ẹ ní nǹkan jẹ?"

"Kò sí, mà."

"Dárúkọ ẹ̀. Tí o bá ti dárúkọ ẹ̀, o bọ́ nìyẹn. Ta ni o máa ń bá jẹun?"

Sikírá ni. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ọjọ́ méjì sígbà yẹn, èmi àti Sikírá ṣì jọ jẹ kókò díndín lórí táyà bàbá rẹ̀. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá sọ ọ́. Wọ́n á fi mí sílẹ̀. Mọ́mì á tún gbá mi mọ́ra. Wọ́n á lọ bá Alhájì nílé, ọ̀rọ̀ á di ti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, Sikírá ni wọ́n á sì máa pè ní àjẹ́ lójú títì. Ó rọrùn púpọ̀. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni mo dá mọ̀. Mo ti wà níbẹ̀ rí, lẹ́bàá kànga, pẹ̀lú ẹnu tó dákẹ́, tí ẹlòmíràn sì kúnlẹ̀.

Mo ní, "Fóònù ni."

"Kí lo sọ?"

"Fóònù Dádì. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́ sínú kànga. Kì í ṣe Àǹtí Yétúndé. Èmi ni wọn ì bá nà."

Màmá Àdúrà ní ẹ̀mí náà ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, kí a túbọ̀ gbàdúrà. Bùrọ́dà Sámúẹ́lì ló mú ọwọ́ wọn kúrò lórí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun. Fóònù ni ọmọ yìí sọ." Mọ́mì ti jókòó sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó. "Bùnmi," wọ́n ní, "kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Dádì lọ sí Ifọ̀. A gba Èkó, a yà gba ọ̀nà Ṣàngó Ọ̀tà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ti ronú gbogbo rẹ̀: wọ́n á nà mí níwájú Àǹtí Yétúndé, òun á wọkọ̀ padà sílé, èmi á dúró sí Ifọ̀, ohun gbogbo á sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Mo ti fi aṣọ méjì sínú báàgì ara mi.

Ó wà lórí àpótí lẹ́yìnkùlé Màmá Ifọ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti ga sí i. Èéfín àti òórùn gàrí gba gbogbo ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Dádì pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Dádì ní, "Yétúndé, Bùnmi ní òun lòun jẹ́ kí fóònù bọ́ sínú kànga."

Ó wò mí. "Rárá, sà. Èmi ni. Ó kàn ń wá bí mo ṣe máa padà sílé ni."

"Irọ́ ni," mo ní. "Dádì, irọ́ ló ń pa."

"Bùnmi, dákẹ́. Ṣé ìwọ ni wọ́n nà ni, àbí èmi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bínú sí i ju bí mo ti ṣe bínú sí ẹnikẹ́ni rí lọ. Mo wá fi ara mi sílẹ̀ fún ìyà, ó sì kọ̀ láti fi àyè ìyà náà sílẹ̀ fún mi. Dádì wo èmi, wọ́n wo òun, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n ti mọ èwo ni òtítọ́. Dádì jókòó sórí àpótí tó ṣófo. Wọ́n mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ Àǹtí Yétúndé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ tó kù, nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ ti Mowé wá. Màmá Ifọ̀ jáde, wọ́n wo Dádì, wọ́n sì padà wọlé. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ tán, Dádì ní, "Lọ kó ẹrù rẹ." Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Yétúndé ṣe padà sílé. Wọn ò nà mí. Kò sẹ́ni tó nà mí rárá.

Ẹ ó rò pé ó parí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo jáde ní ìgbà kẹtàlá. Àǹtí Yétúndé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbá aṣọ mi mú, mo já a gbà. Ìyà tí wọn ò fi jẹ mí ni ò jẹ́ kí n rójú jókòó. Ní Ọjọ́rú, Bùrọ́dà Sámúẹ́lì dé, ṣùgbọ́n kò mú káàdì wá, kò sì mú ẹ̀kọ́ kìíní wá. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Dádì ti ní kó bá wọn to búlọ́ọ̀kù ilé ìdáná. Kò pè mí ní sísítà lọ́jọ́ náà.

"Bùnmi, tí mo bá to búlọ́ọ̀kù lónìí, tí mo wá ṣí i lọ́la láti wò ó bóyá ó ti lẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Kò ní lẹ̀ mọ́, sà."

"Tí mo bá tún un tò, tí mo tún ṣí i lọ́túnla ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ tẹ búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò.

"Ẹni tó gba ìyà jẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ìwọ lo ò jẹ́ kó tán. Ṣé o rò pé ó ń wá ẹni tó máa jẹ ẹ́ padà fún un ni?" Ó nu ìpéǹpéjú. "Jésù ò gbà á jẹ kí o lè wá gba tirẹ náà jẹ. Ìwọ ṣáà gba ohun tó ṣe."

Ó gbé búlọ́ọ̀kù mìíràn lé e. N kò jáde síwájú pẹpẹ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. N kò lè purọ́ pé ọkàn mi balẹ̀. Mo kàn ń di bẹ́ǹṣì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí àdúrà á fi parí.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Mo ti gba oyè yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ láti inú yàrá kejì ilé Àǹtí Yétúndé ní Ìbàfò. Olùkọ́ ni. Ó ní ọkọ àti ọmọ méjì, kò sì bèèrè ìgbà tí mo máa lọ lọ́wọ́ mi rí. Èmi ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ ara mi. Mo máa ń jí ṣáájú gbogbo wọn láti gbálẹ̀. Mo ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Mo ń bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn títí wọ́n fi ń sá fún mi. Mo lè wàásù ìràpadà fún yín láti orí, mo sì gbà á gbọ́. Mo gbà pé ohun tí Jésù ṣe tó, àti pé kò sí ohun tí mo lè fi kún un. Ara mi ni kò tíì gbọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo bi Àǹtí Yétúndé léèrè ohun tó mú kó ṣe ohun tó ṣe lọ́jọ́ kànga. A wà ní ilé ìdáná, ó ń bu ìrẹsì. Ó ronú, lóòótọ́ ló ronú, ó sì ní, "Ẹ̀rù ń bà ẹ́." Ó dúró kí n sọ pé mo gbọ́. "Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, Bùnmi. Ẹ̀rù ń bà ẹ́, mo sì jù ẹ́ lọ."

Ó gbé abọ́ mi síwájú mi. Mo dìde láti kọ́kọ́ lọ fọ ìkòkò.

"Jókòó," ó ní. "Oúnjẹ á tutù."

Bùnmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá ti fọ ìkòkò náà, ì bá sì ti fọ ilẹ̀ ilé ìdáná pẹ̀lú. Ọwọ́ mi ń wá nǹkan tí yóò ṣe. Mo jókòó. Mo mú ṣíbí, mo sì jẹun.